Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ráútà

[Fóònù ń dún.]

NỌ́Ọ̀SÌ: Hẹ́lò, Bàbá mi, ẹ káàsán. Ẹ má bínú, mò ń sáré, wọ́ọ̀dù kún. Ṣé kò sí o?

BÀBÁ: Kò sí. Aago oníbàárà mẹ́ta ni mo tú palẹ̀ láàárọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ti gbà kí n tò ó padà. Ṣé o ti jẹun?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mà á jẹun. Ẹ kì í pè mí níbi iṣẹ́—

BÀBÁ: Mo kàn ní kí n kí ọ kú àwàdà ni. Orúkọ Wi-Fi wa tí o yí padà. "I AM INSIDE." Tísà tó ń gbé lókè wa rí i lórí fóònù rẹ̀, ó ní ṣé mo ti gba ayálégbé sílé ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Èmi kọ́.

BÀBÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo gbọ́ yín. Èmi kọ́ ni mo yí i. Bàbá, ẹnìkan ti wọ inú ráútà yín, àpótí Wi-Fi yẹn, láti ìta.

BÀBÁ: Ilẹ̀kùn mi wà ní títì.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kì í ṣe ti ilé. Remote access ni, ọ̀nà téèyàn fi ń wọ ráútà láti ibòmíì.

BÀBÁ: Ta ló ṣí i sílẹ̀?

NỌ́Ọ̀SÌ: [ó wúkọ́] Èmi ni.

BÀBÁ: Password ńkọ́?

NỌ́Ọ̀SÌ: "Aago123."

BÀBÁ: Ẹni tó ń bá mi jà pé mi ò fọwọ́ kí n tó jẹun.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá yá. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ nọ́ńbà abẹ́ ráútà sí i.

[Kíbọ́ọ̀dù ń dún.]

BÀBÁ: Ó ti ṣí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ kọ́kọ́ yí password. Èyí tó le o.

BÀBÁ: Mo ti yí i. Mi ò ní sọ ọ́ fún ọ.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá "remote management", ọ̀nà ìta yẹn nìyẹn, ẹ pa á—

BÀBÁ: Mo rí i. Tí mo bá pa á, ìwọ náà ò ní lè wọlé mọ́?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mi ò ní lè wọlé.

BÀBÁ: Kí lo wá ń wọlé ṣe? Ṣé o gbọ́ mi?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo gbọ́. Láti ìgbà tí Màmá ti ṣaláìsí, àràárọ̀ ni mò ń wò ó. Tí fóònù yín bá ti yọ nínú lísìtì àwọn fóònù tó wà lórí Wi-Fi, mo mọ̀ pé ẹ ti jí.

BÀBÁ: Mo mọ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ mọ̀ báwo?

BÀBÁ: Lọ́jọ́ tí bátìrì mi kú, aago méje ò tíì lù tí o ti rán tísà wá kan ilẹ̀kùn mi. Láti ọjọ́ yẹn, aago mẹ́fà géérégé ni mò ń dìde tan fóònù. Mà á tún padà lọ sùn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn?

BÀBÁ: Kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ ni. Àmọ́ oorun mi ti já sí méjì.

NỌ́Ọ̀SÌ: [ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fa imú] Bàbá yìí. Ẹ pa á. Mà á máa pè yín láago mẹ́fà.

BÀBÁ: Mẹ́jọ.

NỌ́Ọ̀SÌ: Méje.

BÀBÁ: Méje àbọ̀. Má sì bi mí bóyá mo ti jí. Kí mi, kí o sọ ohun tí o jẹ. Kí ló dé tí o kì í tiẹ̀ pè tẹ́lẹ̀?

NỌ́Ọ̀SÌ: Tí ẹ bá tẹ Save, ráútà á kú ná, Wi-Fi lẹ sì fi ń pè mí, ìpè wa á já—

BÀBÁ: Mo ti tẹ̀ ẹ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mò ń bẹ̀rù pé tí mo bá pè, ẹ ò ní gbé e—

[Ìpè já.]