Ohùn Olóògbé Tí Mo Pa Rẹ́ ní Tandabáwì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ewú ti kún orí mi, ọ̀rọ̀ yìí sì ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́ta. Ǹ bá ṣì dákẹ́, bí kì í bá ṣe ohun tí etí mi gbọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá.

Àdúgbò Karantínà ní Jẹ́dà ni mò ń gbé. Mo wá ṣe Hájì, n kò padà sílé mọ́. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe jẹun, àwọn ènìyàn wa sì ń pè mí ní Àlàájì Kọ̀ǹpútà.

Àlàájà kan wà ní Tandabáwì ní Mẹ́kà, opó ni. Ọkọ rẹ̀ a máa ṣe tàfúsírì, ìtumọ̀ Àlùkùránì, ní Yorùbá nínú pálọ̀ wọn, a sì máa gba ohùn ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan lórí tábìlì. Nígbà tó kú, ohùn yẹn ni ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ní gbogbo Jímọ̀. Á kọ́kọ́ finá sí tùràrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe fún ọkọ rẹ̀ láyé.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Wọ́n á tàn án, àwòrán á jáde, kí ènìyàn tó ka Fátíà tán, ohun gbogbo á dúró gbagidi. Máòsì kò ní mira mọ́. Àlàájà ránṣẹ́ pè mí.

N kò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú wọn. Ọlọ́pàá sì wà lójú ọ̀nà Mẹ́kà. Mo fẹ́ ṣe é kíá, kí n lè bá mọ́tò tó ń padà lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ.

Àlàájà ní, "Àlàájì, ṣé ẹ ò ní tú u wò ni? Olóògbé a máa ní ká wo inú nǹkan ká tó dá a lẹ́jọ́."

Mo ní, "Àlàájà, ṣé mo ń dá sí ọbẹ̀ yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Mo ní ètò inú rẹ̀ ló bàjẹ́. Mo pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, mo gbé òmíràn sí i. Mo gbàgbé ohùn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo tún ń pa. N kò gbàgbé. Fíláàṣì tí ǹ bá dà á sí wà lápò mi. Ìkánjú ni.

Mo tàn án. Ó tún gan.

Ìgbà yẹn ni mo tó tú u. Èéfín tùràrí àti eruku ti dì mọ́ fáànù kékeré inú rẹ̀ bí ọ̀dà, kò lè yí mọ́. Ooru lásán ló ń mú un gan. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á, fáànù yí, kọ̀ǹpútà kò gan mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ bíi tuntun, ó sì ṣófo bíi tuntun.

Àlàájà gbé ṣáì, tíì wọn, wá. Ó ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ Bàbá."

Mo ní, "Ohùn wọn ti lọ kí n tó dé. Bí ẹ ṣe ń fa wáyà iná yọ láìkọ́kọ́ pa á ló fà á."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sunkún. Ó ní kí n mu ṣáì mi kó má baà tutù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó pè mí. Ó ní, "Àlàájì, mò ń padà sí Ìwó ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wá gbé kọ̀ǹpútà yẹn, mo fi ta yín lọ́rẹ. N kò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ yẹn. Mo ti sọ fáwọn ọmọ pé ọwọ́ mi ló pa ohùn bàbá wọn. Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń yí Káábà fún yín, torí ẹ ò bú mi."

Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń yí i, fún èmi.

Bí mo bá jẹ́wọ́, yóò mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́. Ṣùgbọ́n yóò tún mọ̀ pé ohùn náà wà níbẹ̀ títí mo fi dé. Èwo nínú méjèèjì ni kó gbé lọ sílé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Jímọ̀, torí yóò tún lọ yí Káábà fún mi.