Àpò Tí Mo Rán fún Ràfátù

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ìyá arúgbó kan fẹ́ wá láti Ìfọ̀ sí ilé mi ní Mówè, kó wá kí Sàríyù ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, n kò bí ọmọ kankan. Ọdún keje rèé tí mo ti gbé Ràfátù níyàwó, oyún kan ṣoṣo kò dúró rí. Ọmọ wo wá ni wọ́n fẹ́ wá kí? Èmi náà ń bi ara mi, orí mi sì dàrú pátápátá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ọwọ́ télọ̀ tí mo fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́.

Àjàpá ni Ràfátù ń ṣe. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko láti Mówè dé Ìfọ̀, níbi tí rélùwéè ti ń já ọjà sílẹ̀, á ra abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnì àti ìyarun, á wá máa tà wọ́n fún àwọn ará oko títí dé Ìbàfò. Ọjà yẹn kò wúwo. Ẹrù ìrìn àjò, torí ó máa ń sùn lọ́nà, ló ń pa á lọ́rùn: apẹ̀rẹ̀ ńlá, ìkòkò irin, odindi ẹní, ìgò omi, àti aṣọ ìbora kan tó nípọn bí awọ. Nígbà tó yá, ọrùn ń dùn ún débi pé kò lè yíjú wo ẹni tó pè é. Bàbá tó ń to egungun ní kò gbọdọ̀ ru nǹkan kan mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Èmi ọlọ́gbọ́n bá gbájú mọ́ iṣẹ́. Mo kó gbogbo ẹrù náà sílẹ̀, mo ń fi ọwọ́ gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi agolo pààrọ̀ ìkòkò irin. Mo ní kó gbé ìgò sílẹ̀, kó mú kèrègbè. Mo gé ẹní sí méjì. Ṣé ẹsẹ̀ kò lè sùn nílẹ̀ ni? Mo tilẹ̀ gé ìrù ṣíbí rẹ̀ kù, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo wá tú aṣọ agboòrùn mẹ́ta tí irin wọn ti ṣẹ́, nítorí aṣọ agboòrùn kì í wúwo, òjò kò sì lè wọ inú rẹ̀. Mo rán an ní àpò tí yóò máa gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ó wá ku ohun tí yóò gba èjìká kọjá. Awọ wúwo jù, okùn lásán sì máa ń géni lára. Bí mo ṣe ń tú àpótí aṣọ Ràfátù wò ni mo rí aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ kan: ó gùn, ó yi, ó fúyẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì lò ó rí. Mo gé e sí méjì.

Ọ̀já ni. Ọ̀já tí ìyá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé kó máa fi gbọ́mọ pọ̀n ni mo gé! Ẹ má bínú sí mi. Mo fi Ọlọ́run búra, bó ṣe fúyẹ́ nìkan ni mo ń rò. Nígbà tí mo gbé àpò náà fún un, ó fi àtàǹpàkò ra ọ̀já náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ń retí igbe. Ó kàn ní, "Ó fúyẹ́." Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orí ni ti ẹrù lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn ni ti ọmọ. Obìnrin tó ní nǹkan ṣúgbú lẹ́yìn, tó fi ìborùn bò ó nítorí oòrùn, tí ọ̀já sì wà lára rẹ̀, kí ni ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà yóò rò? "Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú o!" ni wọ́n ń kí i. Èmi kò mọ̀. Ohun tí èmi ń rí ni pé orin máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ tó bá ti Ìfọ̀ dé, ọrùn rẹ̀ sì ti san. Mo ń yọ̀ pé iṣẹ́ mi dára.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ kiri kẹrosíìnì dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. "Bàbá Sàríyù, ọmọ ńkọ́?" Mo ní ó ṣi ilé yà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lọkọ Ìyá Sàríyù, tó máa ń pọ̀n ọ́n wá sí Ìfọ̀? Ìyá àgbà tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ní kí n sọ fún yín pé òun á wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní ọmọ náà dákẹ́ jù, òun fẹ́ gbé e jó díẹ̀."

Nígbà tí Ràfátù dé, mo bi í. Kò sẹ́. Ó ní àwọn ló kọ́kọ́ kí òun. Lọ́jọ́ kìíní, ó rẹ òun láti máa ṣàlàyé; lọ́jọ́ kejì, òun dáhùn; lọ́jọ́ kẹta, wọ́n béèrè orúkọ. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní ọrùn ṣáà ti san, kó jẹ́ kí n tú àpò náà, kó padà sí apẹ̀rẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Bàálé mi, ọdún mélòó ni mo fi ru ẹrù kọjá níwájú wọn? Ta ló dúró kí mi rí?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ṣé irọ́ ni Ràfátù ń pa, àbí àdúrà ló ń gbà? Ṣé orí rẹ̀ ti ń yí ni, àbí èmi ni òye kò yé? Nígbà mìíràn inú á bí mi, màá ní kí n fi sísọ́ọ̀sì gé àpò náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nígbà mìíràn, tó bá ku èmi nìkan ní ṣọ́ọ̀bù, màá pe ara mi ní Bàbá Sàríyù, á sì dùn mọ́ mi. Ojú ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀.

Lánàá, ó gbé àpò náà ka iwájú mi. Ó ní kí n tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí n fi aṣọ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta-mẹ́ta kún un, nítorí òun fẹ́ lọ pàdé ìyá àgbà lọ́nà lọ́jọ́ Jímọ̀, kó má baà dé ilé. Mo ní ṣé ọjà ló ń pọ̀ sí i ni? Ó ní rárá, ọjà kò pọ̀. Ó ní oṣù mẹ́jọ ti lọ tí wọ́n ti ń rí i lẹ́yìn òun, ọmọ a sì máa dàgbà.

Mo ti tú ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá ọmọ, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Jímọ̀ tó pé. Ṣé kí n rán an ni?