Igi Tó Fá Àgbò Lórí

Alága wa, Olóyè Frederick, mo kí yín. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa láti Ìjagun títí dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin tí a jọ ń ro ọgbà oúnjẹ ẹran yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó ìdágbére mi.

Èmi Sàlàkọ́ ni mo ti Amẹ́ríkà gbé lùsínà àti agúnmániyè, igi tí ẹran ń jẹ ewé wọn, wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, n kò kọjá Ìbàdàn rí. Lọ́rì ló gbé wọn wá, èmi kàn bá wọn já ẹrù sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ yín ní orúkọ wọn? Níbi tí agúnmániyè ti wá, ìyá kòkó ni wọ́n ń pè é, torí abẹ́ ibòji rẹ̀ ni kòkó ti ń dàgbà. Àwọn mìíràn ń pè é ní apèkúté, torí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ pa eku. Ti lùsínà wá ju tiwọn lọ: odindi ìlú kan ní Mẹ́síkò ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀!

Ràsákì, ìwọ tí o gba iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọlọ́sìn lọ́wọ́ mi, o mọṣẹ́ jù mí lọ. Orí rẹ nìkan ló tóbi jù fún fìlà mi.

Bí mo ṣe fẹ́ máa yangàn lọ nìyẹn kí ẹ tó fa àgbò ìdágbére mi jáde. Háà! Ẹnu mi kò tíì pa dé. Ṣé àgbò nìyí, àbí adìẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́ tán? Irun ọrùn rẹ̀ dà?

Mo gbọ́ ọ o, Wàhábì, ìwọ tó kígbe pé, "Bàbá, igi onígbàjámọ̀ ló jẹ!" Orúkọ tí lùsínà máa jẹ́ ní Ìjẹ̀bú nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè gbà á lẹ́nu yín mọ́.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí tí ẹ ń sọ lábẹ́lẹ̀ náà: pé Kúbúrátù, opó tó bá yín sin àgbò yìí, ló fi nǹkan sí i lára, pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹran fún un sìn mọ́. Ẹ wò ó bó ṣe ń fi ìborùn nu ojú. Ìpín tó ń gbà nínú ọmọ ẹran tó bá yín sìn, ṣé kì í ṣe òun ló fi ń tọ́ ọmọ tirẹ̀?

Kò fi nǹkan kan sí i. Bí ẹran bá ń jẹ lùsínà nìkan, irun rẹ̀ á máa já bọ́. Ẹ fún un ní koríko, irun á tún hù.

Ọlọ́run á bá wa dá agbo yín sí. Kò ní fi ẹkún lé ayọ̀ wa.

Nígbà tó ń fi lùsínà bọ́ àgbò yìí, Kúbúrátù bi mí pé, "Bàbá, ṣé kí n fi koríko mọ́ ọn?" Wọ́n ti kọ́ mi pé kí á máa dà á pọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, mo ní, "Kí ni ẹran tó ń jẹ oúnjẹ òyìnbó fẹ́ fi koríko ṣe?" Ó rò pé òótọ́ ni. N kò sì padà lọ sọ fún un pé àwàdà ni mo ṣe. Ẹ ṣé o.