Bàálù Tí Kò Lè Gbéra Lọ́sàn-án

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ẹ̀rù ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣì ń bà mí.

Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọkọ̀ òfúrufú ju oúnjẹ lọ. Láti kékeré ni. Ọjọ́ tí hẹlikópítà kan balẹ̀ sí pápá ilé ìwé wa, eruku bo gbogbo wa, àwọn ẹgbẹ́ mi sá. Èmi dúró. Mo ń wo abẹ́bẹ̀ orí rẹ̀ títí tó fi dẹ́kun yíyí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi pòròpórò ṣe bàálù. N kò kọ́ ọ ní yunifásítì. Ojú àti ọwọ́ ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ agbègbè wa pawọ́ pọ̀ láti ran ibi iṣẹ́ kan lọ́wọ́, níbi tí a ti ń ṣe bàálù tí kò ní awakọ̀, tí yóò máa ṣọ́ igbó nítorí àwọn ajínigbé, wọ́n gbà mí láti máa kan apá rẹ̀. Igi arère ni a fi ń ṣe egungun apá náà, nítorí ó fúyẹ́. Ẹ̀gbọ́n Láyí, olórí akọrin wa, ni ọ̀gá wa níbẹ̀. Ó jókòó síhìn-ín, òun ló sì ní kí n sọ ọ́. Délé àbúrò mi wà nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Bí wọ́n bá ti wọgbó, bàálù ni yóò máa wo iwájú fún wọn láti òkè, kí ewu má bàa ká wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan. Afẹ́fẹ́ àárọ̀ tutù, ó ki, ó máa ń gbé bàálù dáadáa. Bí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ a fẹ́lẹ́, bàálù tó fò láàárọ̀ lè má gbéra mọ́. Nítorí náà, bí àwọn aṣojú ìjọba bá ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa, àárọ̀ kùtùkùtù ni a máa ń pè wọ́n, a ó sì ti yọ kámẹ́rà ńlá àti bátìrì kejì kúrò nínú rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Bàálù a ròkè bí àwòdì. Wọn a pàtẹ́wọ́, ìrànwọ́ a sì máa wá. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń wọgbó.

Ní ọjọ́ Sátidé tí a gbààwẹ̀, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní nínú ilé àdúrà yìí. Orúkọ Jésù ṣì wà lẹ́nu mi tí oorun fi gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun dúró tì mí. Ó ní, "Dìde, ìwọ tó fẹ́ràn òkè. Wá wo ìsàlẹ̀."

Pápá bàálù kan ni a dé. Oòrùn dúró sí àárín orí, kò yẹ̀. Ọ̀dà ilẹ̀ ń yọ́, okùn wà léjìká àwọn ènìyàn, wọ́n ń fa bàálù, wọ́n ń sáré, wọ́n ń sáré, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, awọ ń bó, wọ́n dé òpin ọ̀nà, bàálù kò gbéra, wọ́n tún fà á padà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀!

Ẹnì kan ń kígbe pé, "Ẹ fà á! Ó ti fẹ́ gbéra!"

Èkejì dá a lóhùn pé, "Láti àárọ̀ lo ti ń wí bẹ́ẹ̀."

"Àárọ̀ wo? Àárọ̀ wà níbí?"

Mo yọjú wo inú bàálù náà. Ènìyàn ló kún inú rẹ̀, ẹrẹ̀ igbó lẹ́sẹ̀ wọn, gbogbo wọn ń wòkè bí ẹni ń retí ìró ohun kan.

Olùtọ́nisọ́nà mi ní, "Àwọn tó fi irọ́ gba àtẹ́wọ́ ló ń fà á. Àwọn tó gbà wọ́n gbọ́ ni ẹrù."

Mo rí àwọn mìíràn tí wọ́n wọ ẹ̀wù irin tó pọ́n bí ẹyin iná, tí wọn kò lè bọ́ ọ. Ó ní, "Ìjọba fún wọn ní ìrànwọ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀wù tí ọta ìbọn kò ní wọ̀. Ilé àlè ni wọ́n fi kọ́."

Bí a ti ń yí padà, mo rí okùn kan nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé kọ́ èjìká. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Láyí wà lára rẹ̀. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ti ta ni èyí?" Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì.

Ó gbé mi lọ síbi tó tutù bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn olóòótọ́ ń sinmi lábẹ́ igi. Ìyá kan na ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Olùtọ́nisọ́nà mi ní, "Bẹ́líìtì sójà ló ń rán láyé. Kò fi òwú jíjẹrà rán an rí."

Ìyá náà ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Má jókòó o, wọn ò tíì pè ọ́."

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn aṣọ funfun rọ̀ sórí okùn. Orúkọ Délé wà lára ọ̀kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an tán ni.

Mo figbe ta. "Kò tíì tó àkókò! Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì!"

"A mọ̀," ni olùtọ́nisọ́nà mi wí. "Irọ́ ayé ló ń fipá pè é. Lọ!"

Mo jí, òógùn bò mí. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Láyí ni mo sáré gbà lọ, mo sì rọ́ ohun tí mo rí fún un.

Ó ní, "Ààwẹ̀ ti gùn ọ́ lórí. Lọ mu ẹ̀kọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé e fò lọ́sàn-án, pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, lójú àwọn aṣojú ìjọba."

"Bí kò bá gbéra ńkọ́? Bí ìjọba bá yọwọ́ kúrò, ṣé bàálù pòròpórò rẹ ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa jẹ?"

"Délé ń wọgbó lọ́jọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n."

Ó sún mọ́ mi. Ó ní, "Okùn wo lo ní o rí?"

"Tiyín wà nílẹ̀. Ó jọ pé tèmi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ó jókòó wọ̀ọ̀.

Ará, a ṣe é kí Délé tó wọgbó. Lójú àwọn aṣojú, lọ́sàn-án gangan, bàálù sáré títí ọ̀nà fi tán, ó wọ inú koríko. Ẹnì kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bínú. Ìjọba dá ìrànwọ́ dúró ná, wọ́n sì ní kí ẹ̀ṣọ́ kankan má gbẹ́kẹ̀ lé bàálù náà wọgbó. A fa apá rẹ̀ gùn sí i.

Ẹ̀yin tí ń ṣe ohun tí ẹlòmíràn yóò gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé, ẹ dán an wò nínú oòrùn kí ilẹ̀ ayé yín tó ṣú.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, lọ́sàn-án, pẹ̀lú ẹrù pípé, ó gbéra. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Kò ga ju orí ọ̀pẹ lọ kó tó balẹ̀, ìrókò ló sì wà nínú igbó tí Délé fẹ́ wọ̀.