Àga Ẹ̀gbẹ́ Jẹnẹrétọ̀

Rárá o, Bàbá, mi ò jókòó! Ẹ gbé àga yín kúrò lẹ́yìn mi. Ìjókòó ló kó bá mi! Ká ní mo dúró ni, ká tiẹ̀ ní mo sá lọ ni, jẹnẹrétọ̀ mi ì bá ṣì wà láàyè lónìí. Ẹ̀yin ni alàgbà ẹgbẹ́ àdúrà àwa Yorùbá ní Enugu yìí, ẹ̀yin lẹ fi Brọ́dà Adédọ̀tun ṣe olùkọ́ Bíbélì lé wa lórí, ẹ̀yin náà lẹ ó gbọ́ ọ.

Ṣé èèyàn á wá yá nǹkan lọ́wọ́ ẹni, á tún yá ẹni tó ni nǹkan mọ́ ọn? Sátidé tó kọjá, ọkùnrin yìí dé sílé mi láàárọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Sìsítà Títílọlá, ẹ dákun, ẹ yá mi ní jẹnẹrétọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ tẹ̀lé e wá o. Kò dáa kó dá wá." Mo rò pé àpọ́nlé ni! Mo tiẹ̀ lọ pààrọ̀ aṣọ!

A dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Idaw River Layout, Bàbá, àga tìmùtìmù ló gbé kalẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ gan-an, ìyàwó rẹ̀ gbé ọkpa gbígbóná, mọ́ínmọ́ín àwọn ará ibí, wá, ó gbé mọ́ọ̀tì tútù tì í, èéfín ń wọ̀ mí nímú, èmi ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n lọ tọ̀, ó sáré pa á. Mo padà dé, ó tàn án. Mo ní kí n lọ gba ìpè níwájú ilé, ó tún pa á! Mo ní, "Brọ́dà, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ná." Ó ní láéláé, òun kì í lo ohun olóhun lẹ́yìn olóhun. Mo wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé olóòótọ́ ṣì kù láyé! Èmi dìndìnrìn!

Kí ló tiẹ̀ fẹ́ fi ṣe? Ó fẹ́ fi jó géètì rẹ̀ tó já pọ̀! Akáǹtáǹtì ni o! Kò jó irin pọ̀ rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Ó lọ háyà ẹ̀rọ ìjórin ní Artisan Market, ó ní Oníwàásù sọ pé ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ bá rí ní ṣíṣe, kí o fi agbára rẹ ṣe é. Agbára rẹ̀ kọ́, Bàbá, agbára jẹnẹrétọ̀ mi ni! Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo fi ń ránṣọ! Ó fi irin kan irin báyìí, jẹnẹrétọ̀ sín, ó hó, ó pọ èéfín dúdú, ó dákẹ́. Géètì ọ̀hún ò tíì lẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Mo pe mẹkáníìkì, ó wò ó, ó ṣí fìlà bí ẹni tó rí òkú: "Madam, sorry o. This one don die."

Mo ní kó ra òmíràn fún mi. Ó wọlé, mo rò pé owó ló lọ mú. Bíbélì ló gbé jáde! Ẹ́kísódù orí kejìlélógún, pé bí ènìyàn bá yá ohun lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, tó bá farapa tàbí tó bá kú, tí olúwa rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kó san án. Ṣùgbọ́n bí olúwa rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kò ní san án. Ó wá na ìka sí àga. "Sìsítà, ṣé ẹ wà níbẹ̀ àbí ẹ ò sí níbẹ̀? Ṣé mẹkáníìkì ò fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó kú ni?" Orí mi fò lọ! Mo ka Sáàmù fún un, pé ènìyàn búburú yá, kò sì san padà. Ó ní òun kúkú ń dá a padà, ó sì gbé òkú rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi lóòótọ́, ó ti nù ún mọ́ tónítóní! Dárasími ọmọ mi, tí mo fi inú ara mi bí, ó yọjú lójú fèrèsé: "Mummy, but it's in the Bible o." Mo sọ bàtà lù ú.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bàbá! Aṣọ ilé-ìwé odidi ilé-ìwé kan ló wà nílẹ̀ mi, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wọlé. Mo ti gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí, mo ti fi san owó ilé-ìwé ọmọ tèmi. Iná ọba? Ta ló rí i? Bí àwọn ọmọ yẹn bá wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan lọ síléèwé, ṣé Adédọ̀tun ni ìyá wọn á wá bá? Ẹ̀rù ń bà mí, Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò lè jẹun.

Kí lẹ wí? Ẹ ní ó ṣe é bó ṣe wà nínú Ìwé? Ẹ ní òfin Olúwa kò ṣeé yí padà? Ẹ ní mo kúkú wà níbẹ̀?

Ó dáa. Mo ti gbà, Bàbá. Jẹnẹrétọ̀ ńlá yín tó wà lẹ́yìn ilé yẹn, mo fẹ́ yá a lónìí. Gbogbo máṣíìnì mi ni mo fẹ́ so mọ́ ọn pọ̀, àti fìríìjì, àti áyọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó bá mi ṣọ́ ọ. Ẹ wọ bàtà yín ká máa lọ. Ẹ má dúró mú Bíbélì, mo ní tèmi nílé.

Hẹ̀n? Ẹ tún un sọ, mi ò gbọ́. Ẹ ní màlúù ni Mósè ń sọ? Pé kò dárúkọ jẹnẹrétọ̀ rárá? Hà-hà-hà! Ẹ gbé fóònù yín, ẹ pe Adédọ̀tun, bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́ ni kí ẹ sọ ọ́ fún un! Tuntun ni mo ń fẹ́, kílẹ̀ òní tó ṣú, kó sì rọ epo kún inú rẹ̀!