Mẹ́wàá Nínú Ọgọ́rùn-ún

Ìyàwó wa, jókòó, má sì já lu ọ̀rọ̀ mi. Dókítà ti sọ ohun tó kù fún mi láyé, kò sì pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀.

O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe nílé ìwòsàn. Èmi ni mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn kó tó gbà tàbí kó kọ̀. Nígbà kan, àwọn tó ń ṣèwádìí bí ọmọ èèyàn ṣe ń pinnu wá bá wa. Wọ́n kó àwọn tí ara wọn le jọ, wọ́n ní kí wọ́n ṣe bí aláìsàn. Mo sọ fún apá kan pé àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yè. Mo sọ fún apá kejì pé mẹ́wàá ló ń kú. Ìṣirò kan náà ni, àbí? Síbẹ̀ àwọn tó gbọ́ yíyè gbà, ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ ikú sì kọ̀. Àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀tàn nìyí!" Èkejì ní, "Irọ́ wo la pa?" Èmi ò bá wọn jiyàn. Láti ọjọ́ náà, mo ń sọ méjèèjì fún gbogbo aláìsàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni n kò sọ ọ́ fún.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dá ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ rẹ, jókòó, wọ́n ní tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ tán, ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé, torí ilé mi ló sún mọ́ ilé ìwòsàn. Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nínú yàrá tí ì bá máa sùn ni. Èmi nìkan ni mo gbé e, tí mo wẹ̀ ẹ́, tí mo fọ aṣọ títí ọwọ́ mi fi bó. Ó ti rẹ̀ mí dé mùdùnmúdùn.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí pálọ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, bí ẹni gbómi sẹ́nu làwọn dókítà yẹn ń sọ̀rọ̀. Ìwọ ni kó o là á yé mi. Èmi tí mò ń sá fún abẹ́rẹ́, ṣé kí n lọ dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ?"

Mo wo ilẹ̀kùn yàrá ìyá wa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni kì í dìde mọ́." Àádọ́rùn-ún wà lórí ahọ́n mi, mo gbé e mì.

"Mẹ́wàá? Á à, ó pọ̀ o. Kí wọ́n fún mi lóògùn, ilé mi ni mò ń lọ."

Mo bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà. Mo sùn wọra lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Kí ẹnikẹ́ni má gbèjà mi pé n kò parọ́. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò gbé e lọ, ibẹ̀ gan-an ni mo rán an.

Ọdún náà kò yípo tí ọkàn rẹ̀ fi dúró. Lẹ́bàá sàréè rẹ̀, o di ọwọ́ mi mú, o ní, "Ìdílẹ̀kẹ̀ mi, o ṣeun. Ìwọ nìkan lo sòótọ́ fún wa." Láti ìgbà náà lo ti sọ mí di ọmọ ìyá rẹ. Ìwọ lò ń wẹ̀ mí báyìí, ìwọ lò ń yí mi padà lórí ibùsùn, o kò sì ráhùn rí.

Sọ fún ọmọ rẹ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì pé kó má ṣe fi àárẹ̀ ara rẹ̀ pinnu fún ẹlòmíràn. Ìwọ ńkọ́? Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bó o bá sì fẹ́ dìde lọ, ilẹ̀kùn ò tì. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ tó máa mú ọ dúró. N kò ní sọ ọ́.