Omi Tí Mo Fi Kan Ètè

Ẹnu yìí ni mo fi ṣe é, ẹnu yìí náà ni yóò sì sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó bò ó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ní kí n dákẹ́. Mo ti dákẹ́ jù.

Ọdún tó tẹ̀lé Fẹ́sítáàkì, mò ń kun bọ́ọ̀dù ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television, ní Kaduna, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì tí ọkọ̀ Ìlọrin ń já èrò sí. Hòtẹ́ẹ̀lì Matthias dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi. Matthias fúnra rẹ̀ ní kí n kun ìràwọ̀ sí bọ́ọ̀dù òun, bíi tàwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá. Mo bi í pé, "Ìràwọ̀ mélòó?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Ọlánípẹ̀kun! Kun èyí tí bọ́ọ̀dù bá gbà." Mẹ́rin ló gbà. Ìkarùn-ún ìbá bo orúkọ.

Kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ṣalángá. Bí òjò bá ti rọ̀, èmi kì í fi omi rẹ̀ fọ búrọ́ọ̀ṣì pàápàá. Ṣùgbọ́n Matthias ló ń bọ́ mi, torí èmi ni mò ń júwe ibẹ̀ fún èrò. Bí wọ́n bá ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ọkàn wọn á balẹ̀. Ọkàn tó balẹ̀ ni mo tà.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, Gàfárù àti Túndùn ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Gàfárù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ. Túndùn wà nínú oyún. Ó gbójú sókè wo bọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fún wọn ní ìràwọ̀ yìí?"

"Ìjọba ni."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Túndùn, ṣé inú gáréèjì lo fẹ́ ká sùn ni? Wọlé, jàre."

A wọlé. Nígbà tí Matthias bu omi kànga wá nínú ife, Túndùn na ife náà sí mi. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Nílé wa, ẹni tó bá mú àlejò wọlé ló ń kọ́kọ́ tọ́ omi wò."

Matthias tẹjú mọ́ mi. Mo gbé ife sẹ́nu, mo pa ètè mi dé pinpin, mo jẹ́ kí gògóńgò mi lọ sókè sódò. Mo ní, "Ó tutù nini."

Gàfárù gbé e mu tán, ó tún tọrọ òmíràn. Bí Túndùn ṣe fẹ́ gba tirẹ̀, mo sáré ra míńrà fún un. Ó sì ń dúpẹ́! Ẹni tó ra míńrà fún aboyún mọ ohun tó wà nínú omi. N kò lè ní èmi ò mọ̀.

Onígbáméjì gbé Gàfárù dè. Ọsibítù ló kú sí. Túndùn dì mí lọ́wọ́ mú níbẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mu nínú omi yẹn. Ṣé inú ò run yín?"

"Rárá o."

"Alihamudulilahi. Ọlọ́run yọ ẹ̀yin."

Àdúrà yẹn ló lé mi kúrò ní Kaduna, ìlú tí mo fẹ́ràn jù láyé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rìnrìn àjò, kí ẹ tó ka ìràwọ̀, ẹ bèèrè ẹni tó kùn ún. Ẹ fi ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹrù jáde ni kí ẹ bi. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tọ́ omi wò fún yín, ẹ má wo ọ̀fun rẹ̀. Ẹ wo ife, bóyá ó dín.

Túndùn, àbúrò mi, bí o bá wà láyé, àti ìwọ ọmọ tí kò rí bàbá rẹ̀, ẹ dárí jì mí. Inú ò run mí, torí n ò mu ún.